Ẹni Tó Bá Buwọ́ Lù Ú Ni Yóò Kọ́kọ́ Gùn Ún

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ̀rọ ìṣeré má baà ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi ní Beltsville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, òkú ẹ̀rọ ìṣeré ló fẹ́ràn ní tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa tí ẹ ní kí n wá kọ ìtàn iṣẹ́ mi, kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ ọmọ yìí sùn yín.

Tọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ibí ni wọ́n bí i sí, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ilé yíyà ní yunifásítì tó wà ní College Park. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ jù, èmi ni mo tú u sí Yorùbá fún yín. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo ń mu ògì mi jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé fóònù wá sí mi lójú.

"Ọ́ńkù, ẹ wo nǹkan tó rẹwà."

Mo wò ó. Ọgbà ìṣeré kan ni ní Japan, tí wọ́n ti pa tì láti bí ogún ọdún. Omi òjò kún inú àwọn ife ràgàjì tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó sí kó máa yí wọn. Ẹṣin onígi kan wà níbẹ̀ tí ọ̀dà ojú rẹ̀ ti hó dànù, ó wá ń wo èèyàn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí inú rẹ̀ kò dùn. Wílì wà lẹ́yìn wọn, ìyẹn kẹ̀kẹ́ gìrìwò tí wọ́n so àga mọ́, tó máa ń gbé èèyàn yí lọ sókè, tó tún ń gbé wọn padà wálẹ̀. Ìtàkùn ti gùn ún dé àga kẹta. Mo gbé abọ́ ògì kalẹ̀.

"Kí ló rẹwà níbẹ̀?"

"Bó ṣe dákẹ́ ni, Ọ́ńkù. Ó dà bíi pé gbogbo èèyàn kàn dìde tí wọ́n lọ. Ó ń dẹ́rù bani, àmọ́ ẹ ò ní lè gbójú kúrò."

"Èmi ti gbójú kúrò."

"Ẹ ṣì ń wò ó."

Lóòótọ́, mo ṣì ń wò ó, inú sì ń bí mi pé mò ń wò ó. Ohun tó tún wá sọ ló bà á jẹ́ pátápátá. Ó ní ilé-ìwé òun fẹ́ rán àwọn lọ sí Japan ní ìgbà ooru, pé ẹni tó ni ilẹ̀ ọgbà yẹn máa ń ṣí i lọ́jọ́ kan lóṣù fún àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun méjì máa lọ. Tí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bá yíjú, àwọn máa gun àkàbà ara Wílì dé òkè, àwọn á ya fọ́tò níbẹ̀.

"Àkàbà wo?"

"Èyí tó wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ yìí. Ó ṣì wà dáadáa."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó wà dáadáa?"

"Ẹ̀ ń rí i náà."

Mo ní kò ní gùn ún. Ó ní òun ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Mo ní kódà kó pé ọgọ́rin. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá gbé èyí tó dùn mí jù jáde: "Ọ́ńkù, ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń bẹ̀rù òkè? Mọ́mì sọ fún mi. Wọ́n ní Àǹtí ló ń pààrọ̀ gílóòbù nínú ilé yìí."

Òótọ́ ni. Ìyàwó mi ló ń pààrọ̀ gílóòbù. Tí mo bá gun àga ìjẹun, ògiri ni mo máa ń dì mú títí òun á fi wá sọ̀ mí kalẹ̀. Báwo wá ni irú mi ṣe fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gun Wílì láràárọ̀? Ìtàn tí ẹ ní kí n sọ nìyẹn.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ń gbálẹ̀ nínú ọgbà ìṣeré kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé mi, ẹnìkan fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n béèrè pé ta ló mọ sípánà lò, mo nawọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe ni mo dàgbà sí. Owó tí wọ́n ń san tó jẹun, ó tó san owó ilé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ń jẹ́ Wendell. Aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí ni, ọmọ Upper Marlboro, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, bàbá rẹ̀ gbin tábà níbẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo. Mo ti sìn lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi bẹ́líìtì ẹ̀rọ na èèyàn rí, mo sì rò pé mo ti rí ọ̀gá tó le. Irọ́ ni. Ẹni tó bá nà ẹ́ ti parí tiẹ̀ nìyẹn. Wendell kì í parí.

Oṣù mẹ́ta gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Òòlù kékeré kan ló fún mi, tí orí rẹ̀ kò ju èkùrọ́ méjì lọ, ó ní kí n máa fi kan gbogbo bọ́ọ̀tì ara Wílì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ilẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ mi bá dé, kí n di ojú, kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Bọ́ọ̀tì tó mú dáadáa máa ń dún kíín, ohùn rẹ̀ á sì dúró létí rẹ díẹ̀. Èyí tó ti tú, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀, gbùú ni, bíi pé o kan ògiri alámọ̀.

"Kí ló wí?" ni Wendell máa béèrè.

"Kíín, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Kíín."

"Kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Kíín náà ni, sà."

"Kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i."

A máa wà níbẹ̀ títí tí òógùn á fi wọ̀ mí lójú. Nígbà mìíràn bọ́ọ̀tì náà á ti tú lóòótọ́. Nígbà mìíràn kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń gbọ́ ni àbí mò ń fẹ́ kó dákẹ́. Tí mo bá délé, mo máa ń kan ìkòkò, mo máa ń kan bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi ní tí mo bá kan orí òun, òun á padà sí Ìbàdàn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó mú ìwé àárọ̀ jáde, èyí tí mẹkáníìkì máa ń kọ orúkọ sí kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, pé Wílì yìí dára. Inú mi dùn, mo yọ bírò.

"Dúró," ni Wendell wí. "Ẹni tó bá buwọ́ lù ú ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Ìyípo méjì, ìwọ nìkan. Lẹ́yìn náà lo máa kọ orúkọ rẹ."

Mo ní sà, mo ti kan gbogbo bọ́ọ̀tì. Ó ní òun gbọ́. Mo ní ara mi kò yá. Ó ní òun rí i. Ó ṣí ilẹ̀kùn àga, ó dúró.

Ẹ̀yin ará, mo wọ àga yẹn bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sẹ́wọ̀n. Bí ó ṣe kúrò nílẹ̀ ni mo di ojú, mo bẹ̀rẹ̀ orin ìjọ. Nígbà tó dé òkè téńté, Wendell dá ẹ̀rọ dúró. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Àga ń fì síwá-sẹ́yìn, mo pe orúkọ ìyá mi, mo pe ti ìyá rẹ̀, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ àwọn nǹkan fún Ọlọ́run tí n kò tíì san títí di òní. Nísàlẹ̀, ọ̀gá mi ń jẹ ápù.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè: "Kí lo gbọ́ lókè?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan, sà. Orin ni mò ń kọ."

"Padà lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gùn ún lọ́jọ́ náà. Ìgbà kẹrin ni mo tó lajú, tí mo dákẹ́, tí mo gbọ́ pé àga kẹsàn-án ń ké wín-ín nígbà tó bá ń rọ́ kọjá òkè. Wendell kò yìn mí. Ó kàn gbé gírísì lé mi lọ́wọ́. Mo tún rí nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà, n kò sì sọ fún un: igbó tó tẹ́ lọ bí kápẹ́ẹ̀tì, ojú ọ̀nà tí mọ́tò ń wọ́ lórí rẹ̀ bí èèrà, àti ọgbà ìṣeré wa tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ife ràgàjì tiwa náà dúró, ẹṣin onígi dúró. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo rí i bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹ rántí èyí, nítorí ọmọ kan máa wá fi Japan kọ́ mi.

Wendell fẹ̀yìn tì. Mo di ọ̀gá. Irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n kọ́kọ́ gbé sípánà tó ń lo iná wá, mo fẹ́ràn ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n so wáyà mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn àga, iná kékeré á tàn lára pátákó kan nínú yàrá ẹni tó ń wa ẹ̀rọ: tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ti yá. Máníjà tuntun kan pè mí, ọmọkùnrin tó mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ní gígùn àárọ̀ yẹn, kò pọn dandan mọ́, ó ń jẹ àsìkò.

Ó yẹ kí n bá a jà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Mo fajú ro, mo mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bà nínú jẹ́, nígbà tí mo débi tí kò ti rí mi mọ́, mo jó. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbàdúrà fún kọ̀ǹpútà yẹn láì mọ orúkọ rẹ̀!

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń buwọ́ lùwé láìgùn ún. Ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbọ́ igbe. Igbe ayọ̀ ni à ń gbọ́ lójoojúmọ́, etí wa kì í nà sí i. Èyí yàtọ̀. Ọ̀pá irin tó gbé àga kan rọ̀ ti yọ dé ìdajì ní apá kan, àga náà dorí kọ ẹ̀gbẹ́, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyá fi apá kan di irin, ó fi apá kejì di ọmọ. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ti dá a dúró, àga náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wílì, ní gíga kan náà pẹ̀lú àárín rẹ̀. Gbogbo iná ara pátákó jẹ́ àwọ̀ ewé. Ilẹ̀kùn tì dáadáa. Kò sẹ́ni tó so wáyà mọ́ ọ̀pá.

Wọ́n ti pe àwọn panápaná. Mo wo ìyá yẹn, mo rí i pé apá rẹ̀ kò ní dúró dè wọ́n. Mo gbé bẹ́líìtì tí a fi ń di ẹrù kọ́ ọrùn, mo gun àkàbà dé àárín, láti ibẹ̀ mo rá lọ lórí apá irin tó lọ síbi àga náà, bí alángbá aláìsàn. Omi ń jáde lójú mi, ó ń jáde nímú mi. Mo so àga náà mọ́ irin lọ́nà mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà wò mí, kò ju ọdún márùn-ún lọ.

"Sà, ṣé ẹ̀ ń sunkún ni?"

"Òógùn ni."

"Nínú ojú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú mi máa ń làágùn."

Àwọn panápaná gbé wa sọ̀ kalẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ìyá yẹn ti ṣẹ́. Òun nìkan ló fara pa, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn tó wá wádìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé irin ló gbó. Wọ́n fún mi ní ìwé ìyìn, mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò lè wò ó. Ọ̀pá tó ń yọ kì í yọ lọ́jọ́ kan. Ó ti ń ké fún bí ọjọ́ mélòó kan lókè yẹn, wín-ín, wín-ín, èmi sì wà nílẹ̀ tí mò ń mu tíì.

Mo wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ Wendell ní Upper Marlboro, mo bá a níwájú ilé, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo retí kó bú mi.

"Aago mélòó lo máa gùn ún lọ́la?" ni gbogbo ohun tó sọ.

Láti ọjọ́ náà, n kò fo àárọ̀ kan mọ́, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Máníjà yẹn sọ̀rọ̀ títí ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù náà kò dín. Àwọn kan máa ń sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé ẹ̀rù á lọ tó bá yá. Tèmi kò lọ síbì kan. A jọ ń gòkè ni, a jọ ń sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n wá ta ilẹ̀ ọgbà wa. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀. Ní àárọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn pa, mo dé ní àsìkò tí mo máa ń dé, mo kan bọ́ọ̀tì, mo gun ìyípo méjì, mo buwọ́ lùwé pé Wílì dára fún àwọn tí kò ní wá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n fi iná gé e. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, kò kù ju ilẹ̀ lọ. Mo bẹ àwọn tó ń gé e, wọ́n fún mi ní àga kan, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùnlé mi.

Ẹ wá rí ìdí tí ọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́ fi ń gbóná lára mi. "Wọ́n kàn dìde tí wọ́n lọ." Ta ló kàn dìde? Mo ní kó gbé fóònù yẹn wá. Mo ní kó fẹ àwòrán náà tóbi.

"Wo abẹ́ Wílì. Kí lo rí?"

"Igi?"

"Èèkàn ni. Ẹnìkan gbá a síbẹ̀ kó má baà yí tí atẹ́gùn bá fẹ́. Wo ilẹ̀kùn àwọn àga."

Ó wò ó. Wọ́n fi wáyà di ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀nà kan náà ni wọ́n lọ́ gbogbo rẹ̀ sí. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó ń wá fọ́tò mìíràn fúnra rẹ̀, ó rí ọ̀kan tí ẹnìkan yà nínú yàrá ẹni tó ń wa ẹ̀rọ. Ìwé kan ṣì wà lára ògiri níbẹ̀, ilà pọ̀ nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa kékeré kan sì wà ní ilà kọ̀ọ̀kan.

"Orúkọ ni òǹtẹ̀ yẹn, Ọ́ńkù. Bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lùwé níbẹ̀ nìyẹn."

Ìwé àárọ̀ ni. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ti ọgbà náà pa?"

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ọjọ́ kẹwàá oṣù."

Òǹkà tó wà lórí ìwé náà kò yàtọ̀ sí tiwa. Òǹtẹ̀ wà ní ọjọ́ kẹwàá. Ó wà ní ọjọ́ kọkànlá. Ó wà ní ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ kẹtàlá, ọjọ́ kẹrìnlá.

Wọ́n ti ti ọgbà pa, ẹnìkan ṣì ń wá buwọ́ lù ú láràárọ̀. Èmi dìde, mo lọ fọ abọ́ ògì tí kò tíì tán.

"Ọ́ńkù, ṣé ẹ̀ ń sunkún ni?"

"Òógùn ni."

Mo mú un lọ sẹ́yìnkùnlé. Àga mi wà níbẹ̀, ìtàkùn ti bò ó dé ibi ìfẹ̀yìntì. Ó wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ́ńkù! Ẹ̀yin náà ní ọgbà tí wọ́n pa tì!"

Mo ní kó panu mọ́. Mo fún un ní òòlù Wendell. Mo ní kó di ojú, kó kan bọ́ọ̀tì òkè. Kíín. Mo ní kó kan ti ìsàlẹ̀.

"Ó dún bákan náà."

"Kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìgbà kẹta ló gbọ́ ọ. Mo ní kó fi ọwọ́ fà á. Bọ́ọ̀tì tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é lójú, ó kán sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ bí bisikíìtì.

"Ọdún mẹ́fà péré ni òjò fi pa èyí," ni mo wí. "Ọkùnrin tó lu òǹtẹ̀ yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ogún ọdún ni kò ti sẹ́ni tó buwọ́ lù ú fún ẹ. Ṣé o máa gùn ún?"

Kò ṣèlérí nǹkan kan fún mi, èmi náà kò sì fipá mú un, nítorí mo mọ ọmọ ilẹ̀ yìí: tí o bá fipá gba ìlérí lọ́wọ́ wọn, ìlérí rẹ nìyẹn, kì í ṣe tiwọn. Mo kàn ní kó mú òòlù náà dání. Nígbà tí ìgbà ooru dé, ó tì í sínú àpótí rẹ̀ láàárín aṣọ, ó lọ sí Japan.

Ọjọ́ tí wọ́n máa wọ ọgbà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Àárọ̀ ibẹ̀ ni ìrọ̀lẹ́ wa. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo ń wò ó bí ẹni tó ń retí èsì dókítà. Ìyàwó mi ní kí n jẹun. Mo ní kí òun náà jẹun. Nígbà tó dún, ohùn ni Tọ́pẹ́ fi ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ àwọn ẹyẹ, mo gbọ́ atẹ́gùn nínú koríko. Ó dákẹ́ rọ́rọ́, bí ọgbà wa ṣe máa ń dákẹ́ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, òòlù: gbùú.

"Bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ àkàbà nìyẹn, Ọ́ńkù," ni ohùn rẹ̀ wí. "Ilẹ̀ ni mo wà. Mo ti sọ fún àwọn tó kù pé a ò gùn ún mọ́. Ṣé mo gbọ́ ọ dáadáa?"

Ó gbọ́ ọ dáadáa. Kódà ẹni tí etí rẹ̀ di máa gbọ́ ìyẹn. Mo pè é padà, mo ní kó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.